Ìrọ̀rí

Àbúrò mi ni obìnrin tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, ìyá kan náà ló bí wa. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ yẹn náà ló máa jẹ́ níbí. Ìbàdàn ló ń gbé, àkàrà ló ń dín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń wa Mícrà. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tí iná jó o lóṣù Kejì ọdún 2023. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí a ti wà lẹ́nu ìtọ́jú rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ibi tí a ti ṣe é dáadáa àti ibi tí a ti bà á jẹ́. Èmi ni mo ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́, àánú ló sì mú mi ṣe é.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀

Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lóṣù Kejì ọdún yẹn á rántí. Owó ò sí níta: wọ́n ti ní ká kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ lọ sí báńkì, tuntun ò sì tó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Epo bẹntiróòlù náà ò sí. Bàbá Ìbejì sùn sí ilé epo kó tó rí lítà 25 rà. Ẹ̀rù olè ò jẹ́ kó fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì náà wọlé, ó gbé e ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò ṣe ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ò ṣe.

Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni NEPA mú iná lọ. Àwọn ìbejì ń múra WAEC. Táyé fẹ́ kàwé, ó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní “I better pass my neighbour” sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bu epo sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì. Àbẹ́là kan ń jó nílẹ̀ nílé ìdáná, níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí tó ń bó ẹ̀wà ọjọ́ kejì. Ọmọ náà rò pé àbẹ́là jìnnà sí òun. Ohun tí kò mọ̀, tí èmi náà ò sì mọ̀ títí di ìgbà yẹn, ni pé òórùn bẹntiróòlù tí imú ń gbọ́ yẹn gan-an ló ń gbaná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá lọ, ojú ò sì ní rí i. Ó rá lọ bá àbẹ́là.

Aṣọ Ìyá Ìbejì gbaná láti ìsàlẹ̀. Ọmọ ló kọ́kọ́ tì síta kó tó ronú ara rẹ̀. Irun iwájú orí Táyé díẹ̀ nìkan ni iná rà. Bùbá tí ìyá rẹ̀ wọ̀, aṣọ olọ́ràá ni, irú èyí tí kì í jó di eérú, ṣe ló yọ́ mọ́ ọn láyà.

Àwọn ará ilé fi aṣọ ìbora pa iná náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó da omi lé e. Ẹnì kan ló pariwo pé omi á jẹ́ kí ara rẹ̀ bó, gbogbo wọn sì gbà á gbọ́. Ẹyin tútù ni wọ́n ń fọ́ sí i lára, kéréètì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹlòmíràn gbé ògì dé, ẹlòmíràn gbé ọṣẹ ìfọyín. Mi ò bú wọn o. Kéréètì ẹyin kì í ṣe owó kékeré lọ́sẹ̀ tí ènìyàn ń tò sẹ́nu báńkì nítorí ₦2,000. Àmọ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20 ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tí iná bá jó, ó sì ṣì wúlò fún un títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn iná náà. Dúrọ́ọ̀mù omi méjì ló kún dẹ́nu lẹ́yìn ilé yẹn.

Wákàtí mẹ́jọ

Ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ní àwọn ò ní ibùsùn, pé kí wọ́n sì san owó sílẹ̀ kí àwọn tó lè fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ó ti di aago mọ́kànlá kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí mo ti bá wọn.

Dókítà tó gbà á fi ojú pín ara rẹ̀ bí ẹni tó ń pín ilẹ̀. Ọwọ́ kan jẹ́ ìdá 9 nínú 100, iwájú àyà àti ikùn jẹ́ 18, ẹsẹ̀ kan 18, orí àti ọrùn 9. Ohun tó jó lára àbúrò mi ni ọwọ́ ọ̀tún látòkè délẹ̀, gbogbo àyà, iwájú ọrùn títí dé abẹ́ àgbọ̀n, àti iwájú itan méjèèjì. Dókítà ní ó tó 30. Ó bi wá bó ṣe wúwo tó. Ta ló mọ̀? A fojú bù ú sí 70 kílò. Ó mú 70, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 30, ó tún sọ ìyẹn di ìlọ́po 4, ó sì kọ 8,400 sórí ìwé. Omi dírípù tí yóò gbà ní wákàtí 24 nìyẹn, lítà mẹ́jọ ó lé díẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wọlé láàárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ìgbà tí iná jó o ni wọ́n ti ń ka wákàtí mẹ́jọ yẹn, kì í ṣe ìgbà tó fojú kan dókítà. A ti fi mẹ́ta ṣòfò lójú ọ̀nà. Márùn-ún ló kù.

Ó ní ara tó jó dà bí ìkòkò tó lu: omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò jáde, ẹ̀jẹ̀ á ki, kíndìnrín á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe lóye ìdí tí wọ́n fi ń wọn ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí.

Dírípù 17 ni a nílò. Bàbá Ìbejì fi fóònù sanwó fún olóògùn. Báńkì yọ owó náà lọ́wọ́ tiẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ olóògùn. Ó tún san lẹ́ẹ̀kejì, òun náà há sójú ọ̀nà. Mo rí ọkọ àbúrò mi, ọkùnrin tí kì í bẹ èèyàn, tó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó ń ta oògùn tó sì na kọ́kọ́rọ́ Mícrà sí i: “Ẹ gba ọkọ̀ mi, ẹ fún mi lómi.” Wọ́n gbà á. Ọjọ́ kẹta ni owó tó há sójú ọ̀nà tó wọlé, ìgbà yẹn ló gba ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Òfin tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Alákàrà àti onímícrà ò sí nínú ìwé kankan lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìrọ̀rí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló lò ní wọ́ọ̀dù. Èmi ni mo ń sùn tì í lálẹ́, torí pé ọmọ mi ti dàgbà, ìsọ̀ mi sì ṣeé tì.

Lọ́jọ́ kẹta ni físíò wá, oníṣègùn tó ń tọ́jú oríkèé àti iṣan kó má baà le, ọmọbìnrin kan tí mo bí irú rẹ̀. Ó yọ ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ orí Ìyá Ìbejì. Ó ká aṣọ, ó fi í sábẹ́ èjìká rẹ̀ kí orí lè fà sẹ́yìn, kí iwájú ọrùn sì lè là. Ó fi POP, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, àti báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún kó lè wà ní nínà, ó sì na gbogbo apá náà jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ara. Ó wá kọjú sí mi, ó ní: “Mà, ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí wọn o. Ohun tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ló máa ba ọrùn wọn jẹ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi èdè dárà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé orí sókè díẹ̀. Díẹ̀ péré.” Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù lóru, ó sì wà lọ́dọ̀ ọmọ kan tó ń gbọ̀n. Mo ká ìró mi, mo fi í sábẹ́ orí àbúrò mi. Mo tú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀, mo jẹ́ kó ká a lé àyà bí ẹni tó gbé ọmọ. Ó sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sùn láti ọjọ́ tí iná ti jó o nìyẹn, èmi náà sì sùn. Ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí àwọn ti àárọ̀ tó dé, mo yọ ìró mi, mo di báńdéèjì padà bí mo ṣe bá a.

Ó di ohun tí mo ń ṣe lálaalẹ́. Inú mi tiẹ̀ ń dùn sí i. Lójú mi, èmi nìkan ni mo mọ ìrora ọmọ ìyá mi, àwọn oníṣègùn kàn ń ṣe tìwé ni.

Ohun tí físíò mọ̀ tí mi ò mọ̀ ni pé egbò iná kì í jiná bí egbò ọ̀bẹ. Bó ṣe ń jiná ló ń súnkì, ó sì ń fa awọ tó yí i ká mọ́ra. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè máa fà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oríkèé bá wà ní kíká nígbà tó ń fà, kíká náà ló máa lẹ̀ sí. Ara tó ń ro èèyàn á sì fẹ́ ká, torí kíká ló ń dín ìrora kù.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí a ṣe dáadáa. Oúnjẹ, fún àpẹẹrẹ. Ìyá wa àgbà kan wá kí i, wọ́n rí mi tí mo ń bó ẹyin fún un, wọ́n ní ẹyin àti ẹran á mú egbò kẹ̀. Èyí tí wọ́n fọ́ sí i lára ò burú, èyí tó máa gba ẹnu wọlé ló burú! Mo ní “ẹ ṣeun, mà,” mo sì dúró kí wọ́n lọ tán. Wọ́n ti ṣàlàyé fún wa pé ara tó jó máa ń jẹ iṣan ara rẹ̀ bí kò bá rí ohun gidi jẹ, pé ẹni tó wúwo tó 70 kílò lè nílò tó gíráàmù 105 sí 140 èròjà amáradàgbà lóòjọ́. Ẹyin kan kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó. Àkàrà tí kì í jẹ tẹ́lẹ̀ torí pé òun ló ń dín in, òun náà ló wá ń jẹ, pẹ̀lú ẹja panla, ẹ̀pà, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin méjì. Kẹ́hìndé ló ń gbé e wá láàárọ̀ kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ mìíràn-mìíràn ni wọ́n ń wẹ egbò. Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Oògùn ìrora gbọ́dọ̀ ti wọlé ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú. Bí a bá gbàgbé, gbogbo wọ́ọ̀dù ni yóò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n hó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn itan rẹ̀, wọ́n lu ú níhò bí àwọ̀n kó lè fẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí àyà, ọrùn àti ọwọ́. Ibi tí wọ́n ti hó awọ yẹn dùn ún ju ibi tó jó lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti mú, àyàfi igun kan lábẹ́ abíyá. A dúpẹ́, a pín bisikíìtì fún wọ́ọ̀dù. Oṣù Kẹrin ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Àgbọ̀n àti àyà

Nílé, kò sẹ́ni tó ń wò wá mọ́, ìrọ̀rí di méjì.

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó tẹrí ba díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, àgbọ̀n rẹ̀ ti ń sún mọ́ àyà, ètè ìsàlẹ̀ ti fà wálẹ̀, omi tó bá mu ń dà sí i lára. Kò lè gbójú sókè wo ẹni tó dúró. Ìgbátí aṣọ àwọn èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìgúnpá ọ̀tún ti ká, ó dúró síbẹ̀. Àwọn tó wá kí i ń sọ pé ó ti ń sàn, wọ́n á wá gbàdúrà lójú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ: “Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ láyé wa.” Òun náà á ní “àmín.” Mi ò mọ ìgbà tí àdúrà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ físíò, ó wo ọrùn, ó wo èmi. Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti ìró, mo sọ ti báńdéèjì, mo sọ ti aago márùn-ún ààbọ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀yin nìkan kọ́, mà. Àwọn ìyá ló ń ṣe é jù.”

Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kejì. Ẹni tó máa pa á lóorun ló bẹ̀rù jù lọ, torí pé nígbà tí orí ò bá lè fà sẹ́yìn, ó ṣòro láti ti ọ̀pá afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n la àpá ọrùn, orí tú sílẹ̀, wọ́n sì tún hó awọ mìíràn dí ojú ibẹ̀. Wọ́n ṣe ti ìgúnpá náà pọ̀ mọ́ ọn. Ìdajì pílọ́ọ̀tì tí Bàbá Ìbejì rà lọ́dún tí wọ́n bí àwọn ìbejì ló bá a lọ, pẹ̀lú owó àjọ mi àti owó tí wọ́n yá ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn onímícrà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìró mi ló gbówó jù nínú gbogbo aṣọ tí mo ní.

Ọkọ obìnrin

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n gba oorun alẹ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò Bàbá Ìbejì obìnrin, aránṣọ ni, ló kó wá sílé náà. Kí wọ́n tó gbé Ìyá Ìbejì wọlé ni wọ́n ti bí i, nítorí náà “ìyàwó wa” ló ń pè é, Ìyá Ìbejì náà sì ń pè é ní “ọkọ mi.” Kò mọ ẹkún. “Ìyàwó wa, ẹ ṣì bínú sí mi lónìí, ẹ na ọwọ́.” Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, ọrùn sókè, ọrùn sọ́tùn-ún, ọrùn sósì, ìgúnpá nínà títí awọ á fi funfun díẹ̀, kó wà níbẹ̀, kó tó dẹ̀ ẹ́. Mo máa ń bọ́ síta.

Nígbà tí ojú egbò ti dí pátápátá, físíò ní kó máa wọ aṣọ tó ń fún àpá mọ́lẹ̀ kó má baà ga. Èyí tí wọ́n ń kó wọ̀lú wọ́n. Aránṣọ náà gba ìwọ̀n lọ́wọ́ físíò, ó ra aṣọ tó ń fà ní ọjà, ó gé e kó kéré díẹ̀ sí ara, ó rán an: ọrùn, àyà, apá kan. Wákàtí 23 lójúmọ́ ni wọ́n ní kó wà lára rẹ̀. Ìgbà ìwẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bá ń fi òrí ra àpá nìkan ló ń bọ́ ọ. Ní bí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, aṣọ náà á dẹ̀, aránṣọ á tún un gé. Nínú ooru Ìbàdàn! Awọ tí wọ́n lẹ̀ yẹn kì í làágùn, kò ní ihò òógùn, gbogbo òógùn á wá máa gba ẹ̀yìn jáde. Ká má tíì sọ ti yíyún. Àwọn òru kan wà tó fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi ń lu àpá náà jẹ́jẹ́, torí pé wọ́n ní kò gbọdọ̀ họ ọ́.

Táyé ṣe WAEC rẹ̀, ó yege. Ṣùgbọ́n kì í wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ó ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀, ó ń lọ ẹ̀wà, á sì gba ẹ̀yìn ilé jáde. Ìyá rẹ̀ ò dá ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ rí lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Kérésì, aránṣọ ti lọ sí ìrìn-àjò, èmi ni mo wà níbẹ̀, mo sì ti ń wá àwáwí. Ìyá Ìbejì wò mí, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jókòó,” ó wá ké sí òde: “Táyé, wá na ọwọ́ mi.”

Ọmọ náà dì í mú bí ẹni di ẹyin mú. Ó nà án díẹ̀, ìyá rẹ̀ kígbe, ó sì já a sílẹ̀.

“Mi ò ní kí o fi í sílẹ̀,” ló wí.

Ó tún dì í mú. Àwọn méjèèjì ń sunkún, ọwọ́ sì ń nà. Láti ọjọ́ yẹn, ti ìrọ̀lẹ́ di tirẹ̀.

Ibi tó dé

Ìgbà tí mò ń kọ èyí, ó ti lè wo àjà. Ìgúnpá ò nà tán. Físíò wọ̀n ọ́n, ó ní ó ku bí 20 dígírì, ó sì lè má kọjá bẹ́ẹ̀. Kẹ́lọ́ìdì kan, àpá tó wú sókè, wà láyà rẹ̀ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ látìgbàdégbà. Wọ́n ti ní kó bọ́ aṣọ náà lọ́sàn-án. Kò dín àkàrà mọ́: ooru agbada ò ṣeé fara dà fún awọ yẹn, ìró jẹnẹrétọ̀ ilé kejì sì ṣì máa ń mú un fò dìde. Ẹ̀wà tútù àti èlùbọ́ ló ń wọ̀n ní kóńgò báyìí, níwájú ilé, lábẹ́ agboòrùn. Kẹ́ẹ̀gì ò wọ ilé wọn mọ́. Tí NEPA bá mú iná lọ, wọ́n á tan láńbà tó ń gba iná, tí iyẹn bá kú, wọ́n á sùn.

Lóṣù tó kọjá ó wá kí mi, ilẹ̀ ṣú, ó sùn sọ́dọ̀ mi. Mo ti tẹ́ ibùsùn fún un. Ó wọ yàrá, ó gbé ìrọ̀rí kúrò níbẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ó dàárọ̀.